Kí Ni Iwin Fi Sílẹ̀? Bí A Ṣe Ń Fi Àwọn Fíìmù Iwin Àtijọ́ Wé Ara Wọn

Bí ẹ bá bi ènìyàn mẹ́wàá pé fíìmù iwin àtijọ́ wo ló dára jù, mẹ́sàn-án nínú wọn á dárúkọ èyí tó kọ́kọ́ lé oorun lójú wọn. Mi ò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù kì í ṣe òṣùwọ̀n. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tó wo fíìmù lóru, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tún ń fi èékánná ha ilẹ̀ lẹ́yìn àga, kò sí bí ara rẹ̀ kò ṣe ní bù máṣọ. Ẹni tó wo fíìmù kan náà lọ́sàn-án, tó ń dáhùn fóònù láàárín, á ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Àwọn méjèèjì kò purọ́, àmọ́ ara wọn ni wọ́n ń ròyìn, wọn ò tíì sọ nǹkan kan nípa fíìmù náà.

Ohun tí èmi máa ń wá ni ẹ̀rí. Iwin wá, iwin lọ: kí ló fi sílẹ̀? Ta ló rí i? Ta ló gbọ́ ohùn rẹ̀? Ìbéèrè yìí ni mo fi ń fi fíìmù kan wé èkejì, bí mo sì ṣe ń ṣe é ni mo fẹ́ fi hàn yín. Mo máa tú àṣírí ibi mélòó kan o. Ẹni tí kò bá fẹ́ gbọ́, kó lọ wò wọ́n ná kó tó padà wá.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú òkú tó wà níbẹ̀

Èdè wa ràn wá lọ́wọ́ níbí ju bí a ṣe rò lọ. Àkúdàáyà yàtọ̀ sí iwin tó ń yọ síni fìrí, ilé tí nǹkan ń gbé inú rẹ̀ sì tún yàtọ̀ sí méjèèjì. Àkúdàáyà ní ara. Ó ń jẹ, ó ń mu, ó lè fẹ́ ọkọ tàbí aya, ẹni tó ń bá a gbé kò sì ní mọ̀ pé òkú ni. Ẹ wo Ugetsu, tí Kenji Mizoguchi ṣe ní Japan lọ́dún 1953: amọ̀kòkò kan gbé ìkòkò lọ tà lásìkò ogun, obìnrin ọlọ́lá kan ní kó bá òun gbé e wá sílé, ó bá a lọ, ó sì di ọkọ rẹ̀. Ìgbà tí wọ́n sọ fún un pé obìnrin náà ti kú tipẹ́, ọ̀rọ̀ ti bọ́ sórí. Yorùbá kankan kò ní nílò àlàyé gígùn nípa ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọkùnrin yẹn.

The Innocents (1961) tí Jack Clayton darí, iwin tó ń yọ fìrí ló wà níbẹ̀. The Haunting (1963) ti Robert Wise jẹ́ ti ilé. Irú kẹrin tún wà, iwin tí a lè bá ṣọ̀rẹ́. Nínú The Ghost and Mrs. Muir (1947), ọ̀gákọ̀ ojú omi tó ti kú ń bá opó kan ṣe àríyànjiyàn nínú ilé tí wọ́n jọ ń gbé, títí ìfẹ́ fi wọ̀ ọ́. Ẹni tó bá gbé fíìmù yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ The Haunting, tó wá ní kò bani lẹ́rù, ó ń bá ọkọ̀ ojú omi jà pé kò ní táyà.

(Ọ̀kan nínú àwọn fíìmù tí mo máa dárúkọ nínú ìtọ́sọ́nà yìí, ẹni tí ìtàn rẹ̀ ń lọ gan-an ló jẹ́ àkúdàáyà, òun fúnra rẹ̀ kò sì mọ̀. Mi ò ní sọ èwo.)

Ẹ yan méjì tó jọ ń dáhùn ìbéèrè kan

Ẹ má kó fíìmù mẹ́wàá jọ. Méjì tó. Kí ẹ ṣáà rí i pé ìbéèrè kan náà ni méjèèjì gbé dání, kí ìdáhùn wọn wá yàtọ̀.

The Innocents àti The Haunting ni mo máa ń fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ya méjèèjì, dúdú àti funfun ni wọ́n, àwòrán wọn sì fẹ̀. Inú ìwé ni méjèèjì ti wá: ti Clayton láti inú ìtàn tí Henry James tẹ̀ jáde lọ́dún 1898, ti Wise láti inú ìwé tí Shirley Jackson kọ lọ́dún 1959. Nínú méjèèjì, obìnrin kan tí kò lọ́kọ wọ ilé ńlá kan, a ò sì mọ̀ bóyá ilé ni nǹkan ń ṣe tàbí obìnrin náà. Deborah Kerr ni obìnrin ti àkọ́kọ́, Julie Harris ni ti èkejì.

Bí ẹ bá fẹ́ aláwọ̀, ẹ mú The Changeling ti Peter Medak àti The Shining ti Stanley Kubrick. Ọdún 1980 ni méjèèjì jáde. Ọkùnrin kan gbé iṣẹ́ rẹ̀ wọ ilé ràgàjì tó ṣófo, ọ̀kan ń kọ orin, èkejì ń kọ ìwé, ilé sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn sọ̀rọ̀. Fún ẹni tó bá fẹ́ ti Japan, Ugetsu àti Kwaidan (1964) ti Masaki Kobayashi bára mu dáadáa.

Ẹni tí kò bá ráyè wo méjì, kó wá Dead of Night (1945). Ilé iṣẹ́ Ealing ní Ìlú Lọ́ńdọ̀nù ló ṣe é, olùdarí mẹ́rin ló sì pín iṣẹ́ náà ṣe, nítorí náà ìfiwéra ti wà nínú rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ fi ìtàn dígí, tí Robert Hamer darí, wé ìtàn àwọn agbábọ́ọ̀lù góòfù tí Charles Crichton darí. Nínú ti dígí, ọkùnrin kan ń wo ojú ara rẹ̀, yàrá tó rí lẹ́yìn ara rẹ̀ kì í sì í ṣe yàrá tó wà. Nínú ti góòfù, iwin kan gbàgbé bí wọ́n ṣe ń pòórá. Ẹ̀rín ni wọ́n fi èkejì ṣe, mo sì mọ àwọn tí kò dárí jì í títí di òní.

Ẹ rí i dájú pé òun gan-an lẹ fẹ́ wò

Ẹ wo ọdún kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Wọ́n tún The Haunting ṣe lọ́dún 1999, wọ́n sì fi kọ̀ǹpútà ya gbogbo ohun tí Wise kọ̀ jálẹ̀ láti fi hàn. Ẹni tó bá ṣi èyí wò máa lọ sọ fún ayé pé fíìmù náà kò dára, òótọ́ ló sì máa sọ, àmọ́ kì í ṣe nípa ti Wise.

Ẹ wo gígùn náà. Kwaidan tó pé jẹ́ ìṣẹ́jú 183, ìtàn mẹ́rin ló sì wà nínú rẹ̀. Ọ̀kan kúrú tó wà káàkiri ti yọ ìtàn obìnrin inú yìnyín kúrò. Bí ìtàn bá jẹ́ mẹ́ta péré, wọ́n ti rẹ́ yín jẹ.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo fífẹ̀ àwòrán. Freddie Francis ló mú kámẹ́rà The Innocents. Ó kun àwọn gíláàsì tó fi sójú lẹ́ǹsì ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti òsì, kí ẹ̀gbẹ́ àwòrán lè ṣókùnkùn, kí ojú yín máa sá lọ síbẹ̀ láti wò bóyá ẹnì kan dúró síbẹ̀. Ẹni tó bá tẹ bọ́tìnì tó ń fẹ àwòrán kún ojú tẹlifíṣọ̀n ti gé òkùnkùn yẹn dànù. Ọ̀já dúdú tó wà lókè àti nísàlẹ̀ yẹn, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ wò ó lẹ́ẹ̀mejì

Ìgbà àkọ́kọ́, ẹ má mú bírò. Ẹ jẹ́ kó bà yín lẹ́rù bó bá lè bà yín lẹ́rù. Ìgbà kejì ni kí ẹ mú ìwé. Kí fíìmù méjèèjì jẹ́ ní àkókò kan náà lóru, kí ohùn wọn lọ sókè bákan náà, kí fóònù wà ní yàrá mìíràn, kí ó má sì ju ọ̀sẹ̀ kan lọ láàárín wọn. Kò sí ohun mìíràn láti fi kún èyí.

Ẹ wá àmì tí iwin fi sílẹ̀

Ibi tí iṣẹ́ wà nìyí. Ẹ pín ìwé yín sí ọ̀nà mẹ́ta: ta ló rí i, ta ló gbọ́ ọ, kí ló kù sílẹ̀ nígbà tó lọ. Ẹ máa kọ ọ́ bó ṣe ń ṣẹlẹ̀, pẹ̀lú ìṣẹ́jú tó ti ṣẹlẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi The Innocents dán an wò. Miss Giddens ni olùkọ́ tí wọ́n gbà láti tọ́jú ọmọ méjì. Ó rí ọkùnrin kan lókè ilé, oòrùn sì ń ta sí i lójú. Ó rí obìnrin kan tó wọ dúdú láàárín koríko gíga lódìkejì adágún omi, lójú ọ̀sán. (Mo fẹ́ràn iwin ọ̀sán. Òkùnkùn ń bá iwin òru ṣiṣẹ́; ti ọ̀sán ń dá iṣẹ́ tirẹ̀ ṣe.) Àwọn ọmọ ní àwọn kò rí nǹkan kan. Ìyá tó ń bójú tó ilé kò rí nǹkan kan. Nínú ìwé yín, orúkọ kan ṣoṣo ló máa wà lábẹ́ "ta ló rí i", ojú ìwé máa kún, orúkọ kò ní di méjì. Adájọ́ kankan kò ní gbà á.

Àfi ìgbà tó wọ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́. Obìnrin tó wọ dúdú náà jókòó sídìí tábìlì, ó ń sunkún. Miss Giddens súnmọ́ ọn, kò sí ẹnì kankan níbẹ̀ mọ́. Ó wo síléètì tó wà lórí tábìlì, ó fi ìka kàn án. Ó tutù. Ẹ̀kán omijé kan.

Gbogbo fíìmù náà dúró lórí ẹ̀kán omi yẹn. Bó bá jẹ́ pé inú orí olùkọ́ ni gbogbo rẹ̀ wà, ojú ta ni omi yẹn ti jáde? Ẹ lè sọ pé tirẹ̀ ni. Ẹ padà lọ wo ojú rẹ̀ dáadáa kí ẹ tó sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ wá gbé ìwé ti The Haunting sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lábẹ́ "ta ló rí i", òfìfo. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ẹ ò ní rí iwin kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n lábẹ́ "ta ló gbọ́ ọ", ẹ máa kọ títí. Nǹkan ń lu ògiri lóru, ó ń bọ̀ láti ìpẹ̀kun ọ̀ọ̀dẹ̀, ó ń sún mọ́ ilẹ̀kùn. Eleanor, obìnrin tí Julie Harris ṣe, àti Theo tí wọ́n jọ wà nínú ilé náà dì mọ́ ara wọn lórí bẹ́ẹ̀dì, àwọn méjèèjì ló ń gbọ́ ọ. Nígbà tó yá, ilẹ̀kùn yàrá ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í wú bọ̀ síta bí ikùn ẹni tó ń mí, ojú gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ ló sì ṣe. Pákó tí wọ́n lẹ̀ pọ̀ ni ilẹ̀kùn náà, ènìyàn ló ń tì í láti ẹ̀yìn, kò sí idán kankan níbẹ̀. Lẹ́ǹsì tí Wise lò fún ilé náà, àwọn tó ṣe é kò tíì fẹ́ kó jáde nítorí pé ó ń tẹ ìlà. Wọ́n ní kó fọwọ́ síwèé pé òun mọ̀ pé ó ní àbùkù. Àbùkù yẹn gan-an ló ń wá.

Nítorí náà, ẹ̀rí The Haunting lágbára jù. Ẹlẹ́rìí pọ̀, etí wọn sì gbọ́ ohun kan náà. Ilé yẹn ní nǹkan nínú, kò sí àríyànjiyàn. Ohun tó kù láti béèrè ni kí ló ń wá lára Eleanor. Ẹ rántí òru tó di ọwọ́ Theo mú ṣinṣin nínú òkùnkùn, tí iná wá tàn, tí bẹ́ẹ̀dì Theo sì wà lọ́ọ̀ọ́kán. Ọwọ́ ta ló dì mú? Níbẹ̀ yẹn, ẹlẹ́rìí tún ti di ẹyọ kan.

Ìfiwéra tó ní láárí nìyí: Wise ní ẹ̀rí púpọ̀, ó sì ń lò ó bí ẹni tí owó kò wọ́n. Ẹ̀kán omi kan ni Clayton ní, ó sì fi gbé ilé ró. Ẹ lè yan èyí tó wù yín, àmọ́ ẹ ti mọ ohun tí ẹ ń yàn.

Ọ̀nà kan náà ṣiṣẹ́ fún fíìmù méjì ti 1980. Ní The Changeling, ọkùnrin náà ní ọmọbìnrin kan tó ti kú; bọ́ọ̀lù ọmọ yẹn já bọ́ láti orí àtẹ̀gùn, tó, tó, tó. Bàbá ọmọ gbé e lọ sórí afárá, ó sọ ọ́ sínú odò, ó padà sílé. Bọ́ọ̀lù náà tún sọ̀ kalẹ̀ láti orí àtẹ̀gùn, ó tutù rinrin. Ní The Shining, ìyàwó ti ọkọ mọ́ inú yàrá tí wọ́n ń kó oúnjẹ sí, ó fi irin dá ilẹ̀kùn náà lábùú láti ìta. Òkú kan bá ọkọ náà sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, a sì gbọ́ tí irin náà fà. A ò rí ọwọ́ kankan. Títí dé ibẹ̀, ẹ lè sọ pé orí ọkùnrin yẹn ló ti dàrú, ó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Irin yẹn ló ba àlàyé yín jẹ́.

Kwaidan ní ẹ̀rí tó wúwo jù nínú gbogbo wọn. Wọ́n kọ ọ̀rọ̀ mímọ́ sí gbogbo ara afọ́jú olórin kan, kí òkú tó ń pè é má bàa rí i, wọ́n gbàgbé etí. Ohun tí òkú rí ni òkú mú lọ. Ugetsu ní tirẹ̀ kò fi nǹkan kan sílẹ̀: amọ̀kòkò padà sílé lóru, ilé ṣókùnkùn, ààrò tutù, ó gba inú ilé kọjá, ó ń pe ìyàwó rẹ̀, kámẹ́rà ń tẹ̀ lé e láìgé; bó ṣe yí ilé po tó padà wọlé, iná ti ń jó lórí ààrò, ìyàwó jókòó tì í. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n sọ fún un pé obìnrin náà ti kú. Kò sí omijé, kò sí bọ́ọ̀lù. Èmi ò rí fíìmù iwin kankan tó fi òfìfo ṣe tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀rí kan wà tí fíìmù kò lè gbé. Nínú The Uninvited (1944), òórùn òdòdó mimosa ni wọ́n fi ń mọ̀ pé òkú kan ti wọ yàrá. Fíìmù kò ní imú, nítorí náà ojú àwọn òṣèré ló ń gbóòórùn fún wa, ó sì dùn mọ́ mi. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n wá fi èéfín funfun kan hàn wá pé òun ni iwin. Mo bá wọn kẹ́dùn.

Ẹ fi aṣọ bo tẹlifíṣọ̀n

Ẹ mú ìṣẹ́jú mẹ́wàá nínú fíìmù kọ̀ọ̀kan, ẹ bo ojú tẹlifíṣọ̀n, kí ẹ máa gbọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ pa ohùn rẹ̀, kí ẹ wo ìṣẹ́jú mẹ́wàá kan náà. Fíìmù tí ohùn nìkan tàbí àwòrán nìkan bá lè gbé, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀.

Clayton mọ èyí: The Innocents bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òkùnkùn biribiri àti ohùn ọmọdé tó ń kọrin. Ní The Shining, ẹ tẹ́tí sí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ọmọ náà: ó ń ké lórí pákó, ó dákẹ́ lórí kápẹ́ẹ̀tì, ó tún ké. Tōru Takemitsu tó ṣe ohùn Kwaidan máa ń yọ ìró tí ẹ ń retí kúrò, á wá fi ìró igi tó ń ya rọ́pò rẹ̀. The Changeling tilẹ̀ sọ etí di olùwádìí: ọkùnrin náà gbé rẹ́kọ́dà síbi tí wọ́n ti ń pe òkú, kò gbọ́ nǹkan kan, ìgbà tó dá nìkan tún un gbọ́ ni ohùn ọmọ jáde. Íápíìsì dára fún iṣẹ́ yìí ju ohùn tẹlifíṣọ̀n lọ.

Ẹ wo àpò wọn pẹ̀lú

Carnival of Souls (1962) ná wọn ní nǹkan bí dọ́là 33,000. Iṣẹ́ Herk Harvey tó darí rẹ̀ ni kó máa ṣe fíìmù ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Ó rí gbọ̀ngàn ìgbafẹ́ kan tí wọ́n ti pa tì létí Adágún Iyọ̀ Ńlá ní Utah, ó sì ní òun máa ya fíìmù níbẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló tún kun ojú funfun tó ṣe ọkùnrin tó ń lé ọmọbìnrin inú ìtàn náà káàkiri. Ẹnu àti ohùn kò bára mu níbì kan, àwọn òṣèré kan sì le bí igi. Ẹ má fi èyí dá a lẹ́bi, ẹ má sì fi jìn ín. Ohun tí ẹ máa béèrè ni: kí ni owó kékeré yẹn fún wọn tí owó ńlá kò lè fún wọn? Dùùrù nìkan ni orin wọn, gbọ̀ngàn tó ṣófo náà sì ṣófo lóòótọ́.

Ẹ yọ iwin kúrò, kí ẹ tó dájọ́

Ìdánwò ìkẹyìn kúrú. Ẹ ro fíìmù náà láìsí iwin. Ní The Shining, bàbá tí ọtí àti ìbínú ti bà jẹ́, ìyàwó, ọmọ kan, yìnyín tó sé ọ̀nà mọ́ wọn nínú òtẹ́ẹ̀lì: ìtàn ṣì dúró, ó ṣì bani lẹ́rù. Ní The Changeling, bí iwin ọmọ tó wà lókè ilé kò bá sí, kò sẹ́ni tó máa wá ìdájọ́ òdodo fún, ilé wó. Nítorí náà ni mo ṣe ń sọ, tí àwọn ọ̀rẹ́ mi sì ń pariwo, pé The Shining ni fíìmù tó dára jù, The Changeling sì ni fíìmù iwin tó dára jù. Ìdájọ́ méjì ni, ẹ má pa wọ́n pọ̀. Ẹ kọ gbólóhùn kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ má fi máàkì sí i. Mo gbìyànjú rẹ̀ rí, Kwaidan àti The Uninvited gba iye kan náà, mo sì fa ìwé náà ya.

Ẹ kọ déètì sí ìsàlẹ̀ ìwé yín, kí ẹ fi àyè sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ fi The Innocents àti The Haunting wé ara wọn, ti Wise ni mo fún, nítorí ilẹ̀kùn yẹn. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, mo tún wò wọ́n, mo dá fíìmù dúró níbi síléètì, mo sì jókòó síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ìwé náà ṣì wà lọ́dọ̀ mi. Mo ti fa ìlà sí orúkọ kan, mo kọ èkejì sí ìsàlẹ̀, àyè ṣì kù.